Ìpara tó ń sọ ìyá di ọmọge: ṣé òótọ́ ni àbí wọ́n kàn ń gbowó yín?

Ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nígbà tí ìyá kan tó ti lé lẹ́ni àádọ́ta ọdún wọ ọjà Tejúoṣó, ní Yábà. Aṣọ ẹbí ti délé, gèlè ti wà nílẹ̀, ojú ló kù. Ọmọbìnrin tó ń ta ìpara wò ó lójú títí, ó ní, "Mọ́mì mi, ẹ má wulẹ̀ dààmú, ọ̀sẹ̀ méjì péré, àwọn èèyàn á máa pè yín ní ẹ̀gbọ́n ìyàwó!" Ló bá fa ike funfun kan yọ, ike tí kò ní orúkọ lára, ó lóun fúnra òun lòun pò ó. Ìyá béèrè pé kí ló wà nínú ẹ̀. "Há, Mọ́mì, àṣírí iṣẹ́ nìyẹn o."

Ẹ kúrò ní Yábà, ẹ lọ sí Ojúwoyè ní Mushin, tàbí kẹ́ ẹ yà sí Adéníran Ògúnsànyà ní Surulere, ọ̀rọ̀ kan náà lẹ ó máa gbọ́. Ohun tó kàn yàtọ̀ ni pé nínú ṣọ́ọ̀bù ńlá, inú ìgò ni tiwọn máa ń wà, owó ẹ̀ á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ilé. Ṣùgbọ́n ṣé ó ń ṣiṣẹ́?

Ẹ wo bọ́rọ̀ ṣe jẹ́. Abẹ́ awọ ara ní okùn tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ kan táwọn dókítà ń pè ní collagen. Òun ló di awọ mú, bí okùn ṣe máa ń di kánópì òde àríyá mú. Bọ́jọ́ orí bá ṣe ń lọ, okùn á máa dẹ̀, awọ á wá hunjọ. Oòrùn máa ń já a, sìgá náà ń já a. Kírímù tí wọ́n bá kàn fi pa òkè kò rọrùn fún láti dé ìdí okùn yẹn.

Èyí tí ẹ̀rí ẹ̀ dájú jù ni oògùn kan tó ń jẹ́ tretinoin. Oògùn rorẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi í ṣe. Lọ́dún 1988, àwọn dókítà ní Michigan, l'Amẹ́ríkà, fi í dán èèyàn 30 wò fún ọ̀sẹ̀ 16, ojú wọn sì dán sí i lóòótọ́. Àmọ́ ojú ọ̀pọ̀ wọn pọ́n, ó sì ń bó. Oṣù Kejìlá, ọdún 1995, nìjọba Amẹ́ríkà tó fọwọ́ sí i fún ìhunjọ ojú, ìlà wẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n sì ní ó wà fún. Oògùn dókítà ni, aláboyún kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn.

Ti àwọn tó wà lórí igbá ńkọ́? Lọ́dún 2007, tẹlifíṣàn BBC yin ìpara No7 ti Boots, àwọn obìnrin sì kó o tán lórí káńtà nílùú Ọba. Nígbà tí wọ́n wá dán an wò fáwọn èèyàn 60, tí àbájáde ẹ̀ sì jáde lọ́dún 2009, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, 43 nínú ọgọ́rùn-ún lójú wọn dára sí i. Ẹ dákẹ́ ná. Àwọn tí wọ́n fún ní ìpara tí kò ní èròjà kankan nínú, 22 nínú ọgọ́rùn-ún tiwọn náà dára sí i! Ká ṣáà fi nǹkan pa ojú kó má gbẹ, òun nìkan ti ń ṣe tiẹ̀. Òrí tó wà nílé pàápàá ń ṣe ìyẹn.

Àwọn gbajúmọ̀ tó ń polówó ẹ̀ ńkọ́? Lọ́dún 2011, àjọ tó ń rí sí ìpolówó n'Ílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòfin de fọ́tò Julia Roberts àti Christy Turlington tí iléeṣẹ́ L'Oréal fi ń polówó ọjà, nítorí pé wọ́n ti fi kọ̀ǹpútà tún ojú àwọn arẹwà náà ṣe.

Ibi tó ń dunni jù ni ti àwọn aláwọ̀ dúdú. Dúdú ara yẹn, agbòòrùn ni. Òun ni kì í jẹ́ kójú tètè hunjọ bíi ti òyìnbó. Àmọ́ ohun tó sábà máa ń wà nínú ike tí kò lórúkọ ni hydroquinone, sìtẹ́rọ́ìdì, nígbà míì mákúrì, tó ń ba kíndìnrín jẹ́, tí NAFDAC sì ti fòfin dè nínú ìpara. Agbòòrùn gan-an ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ yín. Sìtẹ́rọ́ìdì yẹn á mú kójú kọ́kọ́ jọ̀lọ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ìyẹn lóníbàárà ṣe ń padà wá. Tó bá yá, awọ á tín-ín-rín bíi bébà, iṣan á máa hàn, ojú á wá hunjọ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Egbò kékeré kò ní í tètè jinná.

Kí lèèyàn á wá ṣe? Ní Ọsirélíà, ìwádìí tó jáde lọ́dún 2013 fi hàn pé àwọn tó ń fi ìpara tó ń gba oòrùn dúró para lójoojúmọ́ fún ọdún mẹ́rin àtààbọ̀, awọ wọn kò gbó tó ti àwọn tó ń fi í para lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Òyìnbó pọ̀ nínú wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n oòrùn Òjúẹlẹ́gbà kì í ṣe oòrùn yẹpẹrẹ. Ẹni tójú ń dùn jù, dókítà awọ ara wà ní LUTH, Ìdí-Àràbà níbẹ̀ yẹn.

Ìyá ìyàwó gbé ike náà wò títí, ó gbóòórùn ẹ̀, ó dá a padà sórí tábìlì. Ó lóun ń bọ̀. Ọmọbìnrin yẹn kúkú mọ̀ pé kò ní í padà wá, ló bá pariwo tẹ̀ lé e láàárín èrò pé, "Mọ́mì! Mọ́mì mi! Ẹ wá mú un lábọ̀ owó!"