Abéèrè Ọ̀nà Kì Í Ṣìnà

Àwọn àgbà wa ní, abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní yunifásítì, pàápàá àwọn tí wọ́n ti gba oyè kìn-ín-ní tí wọ́n sì ń kàwé gba oyè kejì tàbí oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀ka jọ́gíráfì tí ó jẹ mọ́ ìgbé ayé ọmọ ènìyàn. Púpọ̀ nínú wọn ni ó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ láìtíì béèrè ọ̀nà. Wọ́n ní àkọlé, ṣùgbọ́n wọn kò ní ìbéèrè. Ní tiwa, a kò gbà pé ẹ̀bi akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni èyí.

Ẹnìkan lè wí pé kí ni ó kan ìwé ìròyìn nínú iṣẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé. Ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ìmọ̀ yìí ni ó ń sọ ibi tí àwọn ènìyàn ń gbé, ohun tí ó gbé wọn débẹ̀, àti ọ̀nà tí wọ́n ń tọ̀ lọ sí oko, ọjà àti ibi iṣẹ́. Ìjọba tí kò bá mọ nǹkan wọ̀nyí, inú òkùnkùn ni ó ti ń ta ọfà. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù January 1955, àwọn ọmọ tí àwọn òbí mú wá pọ̀ ju iye tí a ti fojú sùn lọ. Ayọ̀ ńlá ni, ṣùgbọ́n ó di dandan kí a wá yàrá àti olùkọ́ kún ti ilẹ̀ ní kíákíá. Lónìí ńkọ́? Ìkànìyàn tí Nàìjíríà ṣe kẹ́yìn ni ti 2006. Èyí tí a pinnu fún 2023 ni a sún síwájú. Ọmọ tí a bí ní 2006 ti dàgbà tó ẹni tí ń dìbò. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wádìí àdúgbò kan dáradára, gbogbo wa ni ó ń ṣiṣẹ́ fún.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan ṣàlàyé. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan mú àkọlé wá pé òun fẹ́ kọ̀wé lórí ọjà ní ilẹ̀ Yorùbá. Àkọlé yìí gbòòrò bí òkun. Bí ó bá fi ogún ọdún wẹ̀ ẹ́, kò lè dé èbúté. Ṣùgbọ́n bí ó bá kọ́kọ́ kàwé, yóò rí i pé B. W. Hodder àti U. I. Ukwu ti tẹ ìwé jáde ní 1969 lórí ọjà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àti pé Hodder ti yẹ ọjà ọrún àti ọjà ìsán ilẹ̀ wa wò. Nígbà náà ni yóò lè béèrè ohun tí ó kù: ní ìgbèríko kan báyìí lẹ́bàá Ìbàdàn, níwọ̀n bí ọ̀kadà àti ọkọ̀ akẹ́rù ti ń dé abúlé lójoojúmọ́, kí ni ó mú kí àwọn ènìyàn ṣì máa ná àwọn ọjà kan ní ọrọọrún? Èyí ni ìbéèrè. Ó ní ibi, ó ní àwọn ènìyàn, ó sì ní òpin.

Ìbéèrè nìkan kò tó. Ètò tí ó dára gbọ́dọ̀ sọ àwọn tí a ó bá sọ̀rọ̀: alájàpá, awakọ̀, àgbẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ sọ bí a ó ṣe yàn wọ́n, kí ó má baà jẹ́ pé ìbátan àti ojúlùmọ̀ nìkan ni yóò dáhùn. Ó gbọ́dọ̀ sọ bí a ó ṣe tọrọ àyè lọ́wọ́ baálẹ̀ àti ìyálọ́jà, àti bí olúkúlùkù yóò ṣe mọ̀ pé òun lè kọ̀ láti dáhùn. Ó sì gbọ́dọ̀ ka ọjọ́ àti owó ọkọ̀. Ọjọ́ ọjà ọrún kì í dúró sójú kan nínú ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje. Ẹni tí ó bá ya Sátidé nìkan sọ́tọ̀ fún ìwádìí, ẹ̀ẹ̀kan péré láàárín ọjọ́ 28 ni yóò bá ọjà. Ní ìyókù, àtẹ òfìfo ni yóò bá. Bí ó bá sì lọ ń bi àwọn ènìyàn ní iye tí wọ́n ń pa lójúmọ́ láìkọ́kọ́ sọ ẹni tí òun jẹ́, agbowó-orí ni wọn yóò pè é, irọ́ ni wọn yóò sì pa fún un. A kò rí ẹ̀bi wọn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mabogunje, tí ó di olóògbé ní 2022, ti fi ọ̀nà hàn wá. Ìbàdàn àti Èkó ni ó fi ṣe àpẹẹrẹ nínú ìwé rẹ̀ lórí ìdàgbàsókè àwọn ìlú ní Nàìjíríà, èyí tí ó jáde ní 1968. Ní 1980, ó di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ jọ́gíráfì gbogbo àgbáyé. Ilé ni ó ti kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Nítorí náà, a ké sí àwọn aláṣẹ yunifásítì. Èkíní, kí wọ́n má ṣe fọwọ́ sí àkọlé kankan títí akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi dé ibi tí ó fẹ́ wádìí lẹ́ẹ̀mejì, kí ó sì kọ ohun tí ó rí. Èkejì, kí akẹ́kọ̀ọ́ ka ètò rẹ̀ sétígbọ̀ọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì da ìbéèrè bò ó. Ẹ̀kẹta, kí alámòójútó má ṣe jẹ́ kí ètò náà sùn sórí tábìlì rẹ̀. Àwọn kan yóò wí pé èyí yóò dá akẹ́kọ̀ọ́ dúró, yóò sì ná an lówó. Òótọ́ ni pé yóò ná an lówó, ó sì yẹ kí ìjọba ràn án lọ́wọ́ nínú owó ọkọ̀. Ṣùgbọ́n oṣù méjì tí a fi ṣètò kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọdún méjì tí a fi ń tún iṣẹ́ tí ó ti wọ́ ṣe.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, iṣẹ́ kù sí yín lọ́wọ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kan ilẹ̀kùn yín pẹ̀lú ìwé ìbéèrè, ẹ má ṣe rò pé ẹgbẹ́ kejì ni ó rán an. Ẹ bi í ní ohun tí ó ń wá. Bí ó bá lè dáhùn ní gbólóhùn kan, ẹ fún un ní àga, kí ẹ sì sọ òtítọ́ fún un. Bí kò bá lè dáhùn, ẹ fi pẹ̀lẹ́tù dá a padà sọ́dọ̀ olùkọ́ rẹ̀, kí ó lọ béèrè ọ̀nà.