Bátìrì ọ̀kadà oníná: ọdún mélòó ló ń lò, kí ló sì ń tètè pa á lọ́wọ́ wa?

Láti ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ, ọ̀rọ̀ ọ̀kadà oníná kò kúrò lẹ́nu àwọn ọlọ́kadà mọ́. Ẹ ò lè dá wọn lẹ́bi. Lítà epo tí wọ́n ń rà ní nǹkan bíi 190 náírà tẹ́lẹ̀ ti kọjá 1,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ibi kí ọdún 2024 tó parí. Ẹni tó ń gbé èrò láti Àyèká lọ sí Òkìtìpupa, tó tún ń bá wọn kó gààrí àti púpurù lọ sọ́jà, mọ ohun tí ìyẹn ṣe sí owó tó ń mú délé lálẹ́. Bí wọ́n bá wá sọ fún un pé ọ̀kadà kan wà tí kì í mu epo rárá, etí rẹ̀ á dúró.

Ìbéèrè tí wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ bi wá kì í ṣe iye tí wọ́n ń ta ọ̀kadà náà. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé, "Bátìrì yẹn ńkọ́? Ọdún mélòó ló máa lò?" Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Kò sí ohun tó wọ́n tó bátìrì lára ọ̀kadà oníná. Bó bá ti kú, irin àti táyà ló kù nílẹ̀. Ní tèmi o, ẹni tó bá lọ ra ọ̀kadà oníná, bátìrì ló rà. Ọ̀kadà yẹn, èènì ni.

Ọdún kọ́ la fi ń ka ọjọ́ orí bátìrì, ìyípo la fi ń kà á. Bí ẹ bá lo bátìrì láti ìgbà tó kún dẹ́múdẹ́mú títí tó fi gbẹ, tí ẹ sì tún ṣáájì rẹ̀ kún, ìyípo kan nìyẹn. Bí ẹ bá lo ìdajì lónìí, tí ẹ ṣáájì rẹ̀, tí ẹ tún lo ìdajì lọ́la, àpapọ̀ méjèèjì ló jẹ́ ìyípo kan. Gbogbo bátìrì ló ní iye ìyípo tó lè ṣe kó tó rẹ̀ ẹ́. Kì í sì í kú lójijì bíi gílóòbù: ó kàn máa ń gba iná tó kéré sí i díẹ̀díẹ̀. Tó bá ti kù bíi 80 nínú 100 ohun tó ń gbà nígbà tó wà ní tuntun, àwọn tó ṣe é á ti máa kà á sí arúgbó, bó tilẹ̀ ṣì ń rìn.

Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Bátìrì olójé ni àkọ́kọ́, ìbátan bátìrì mọ́tò, tó wúwo bí òkúta. Bí ẹ bá ń lò ó gbẹ lójoojúmọ́, nǹkan bíi ìyípo 300 lẹ máa rí lára rẹ̀. Èkejì ni lítíọ́mù tí wọ́n ń pè ní NMC, tó lè ṣe bíi 800. Ẹ̀kẹta ni LFP, lítíọ́mù náà ni, àmọ́ irin àti fọ́síféètì ni wọ́n pò mọ́ ọn, ìyẹn lè ṣe 2,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. (Bẹ́ẹ̀ ni, lítíọ́mù tí wọ́n ń wà nílẹ̀ ní Nasarawa yẹn náà ni. Ilẹ̀ wa ló wà, Ṣáínà la ti ń ra bátìrì rẹ̀.)

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó bí ọlọ́jà. Ká sọ pé bátìrì ń gbé yín rin kìlómítà 60 kó tó gbẹ, ẹ sì ń rin 80 lóòjọ́. Bátìrì olójé á rin kìlómítà 18,000, ìyẹn ọjọ́ 225, kò tó oṣù mẹ́jọ. NMC á rin 48,000, ọjọ́ 600, ọdún kan àti nǹkan bí oṣù mẹ́jọ. LFP á rin 120,000, ọjọ́ 1,500, ó lé díẹ̀ ní ọdún mẹ́rin. Bí ẹ kì í bá ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Ìsinmi, á tún gùn díẹ̀ sí i. Ọ̀kadà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè jọra bí ìbejì lójú títì o. Ẹni tó wá gba ọ̀kadà olójé láti máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún oṣù 18, ẹ rí i pé bátìrì á ti sùn kí gbèsè tó dé ìdajì.

Ìṣirò yẹn sì jẹ́ ti ẹni tó ń tọ́jú bátìrì rẹ̀. Ohun tó ń gé ẹ̀mí bátìrì kúrú jù nílẹ̀ wa ni ooru. Àwọn tó ń ṣèwádìí rẹ̀ ti wọ̀n ọ́n: bátìrì lítíọ́mù tó kún, tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún ọdún kan níbi tí ooru jẹ́ 40 lórí ìwọ̀n Celsius, nǹkan bíi 65 nínú 100 péré ló máa lè gbà mọ́. Èyí tí ṣáájì rẹ̀ jẹ́ 40 nínú 100, tó wà níbi tí ooru jẹ́ 25, á ṣì máa gba bíi 96. Ẹ kíyè sí i, wọn ò tíì gùn ún rárá o! Ìjókòó lásán ni. Báwo wá ni ti bátìrì tó wà nínú àpótí dúdú lábẹ́ ìjókòó, tí oòrùn ọ̀sán ń pa ní páàkì láti aago mọ́kànlá? Igi máńgòrò kì í ṣe fún àwọn tó ń ta ayò nìkan. Bí ẹ bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn gígùn dé, tí bátìrì ṣì gbóná lọ́wọ́, ẹ fún un ní bíi ìṣẹ́jú 30 kó tutù kí ẹ tó ki ṣájà bọ̀ ọ́.

Lẹ́yìn ooru, ebi àti àjẹkì ló kàn. Lítíọ́mù kò fẹ́ gbẹ tán, kò sì fẹ́ kún dẹ́múdẹ́mú kó wá jókòó bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́. Ẹni tó bá ń lò ó láàárín 20 sí 80 tàbí 90 nínú 100 á rí ìyípo tó pọ̀ gan-an ju ẹni tó ń lò ó títí ọ̀kadà fi dúró sójú ọ̀nà. Mo mọ̀ pé èrò kì í jẹ́ kí èèyàn ka ṣáájì, àmọ́ bí ẹ bá fẹ́ rìnrìn àjò ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ má fi bátìrì tó kún sílẹ̀, ìdajì ti tó. LFP nìkan ló yẹ kí ẹ máa jẹ́ kó kún pátápátá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bíi lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí àwọn sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ lè bá ara wọn dọ́gba. Bátìrì olójé yàtọ̀ pátápátá ní tirẹ̀: ẹ má jẹ́ kó sùn láìjẹun. Òru kan sí ọ̀kejì tó bá lò ní gbígbẹ ti tó láti bà á jẹ́.

Ṣájà náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Wọ́n lè kọ fólítì 72 sára bátìrì méjì, kí wọ́n má sì jẹ́ ọ̀kan náà. NMC tó jẹ́ 72 sábà máa ń ní sẹ́ẹ̀lì 20 tó tò tẹ̀lé ara wọn, 84 ni fólítì rẹ̀ tó bá kún. LFP tó ní sẹ́ẹ̀lì 24, 87.6 ló ń kún sí. Ẹni tó bá gbé ṣájà LFP yìí fún NMC, tipátipá ló fi ń bọ́ ọ. Lóòótọ́, pátákó kékeré kan wà nínú bátìrì tó ń ṣọ́ ọ, BMS ni wọ́n ń pè é, òun ló yẹ kó já iná náà. Ṣùgbọ́n torí pé ẹ ní ọdẹ lẹ́nu géètì, ẹ ò ní ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ sùn. Bí rewáyà kan bá sì sọ pé òun máa yọ pátákó náà kúrò kí ọ̀kadà lè sáré sí i, ẹ gba bátìrì yín lọ́wọ́ rẹ̀. Ní New York lọ́dún 2023, èèyàn 18 ló kú nínú iná tí bátìrì lítíọ́mù dá sílẹ̀, ọ̀pọ̀ irú iná bẹ́ẹ̀ sì wá láti ara kẹ̀kẹ́ oníná. Bátìrì tó wú, tó já lulẹ̀, tàbí tó rì sínú omi òjò, ẹ má ṣáájì rẹ̀ mọ́ rárá, ẹ má sì ṣáájì bátìrì kankan lẹ́nu ọ̀nà tí ẹ máa gbà sá jáde.

Gbogbo ìmọ̀ràn yìí rọrùn fún ẹni tó ní iná. Ibí gan-an ló ti kan àwa tí a wà ní Gúúsù Ondo. Ilé-iṣẹ́ tó ń pèsè iná mànàmáná wà ní Ọmọtọ́ṣọ̀, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa níbí, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ìlú àti abúlé ẹkùn yìí lo ohun tó ju ọdún mẹ́wàá lọ nínú òkùnkùn. Òpó wà, iná ò sí. Kí ni ọlọ́kadà á wá ṣe? Á dúró de ìgbà tí wọ́n bá tan jẹnẹrétọ̀ ládùúgbò, láago méje alẹ́, nígbà tí bátìrì ṣì gbóná látorí iṣẹ́. Á ti lò ó gbẹ, torí kò ríbi ṣáájì lọ́sàn-án. Á sì fẹ́ kó kún fọ́fọ́ kí wọ́n tó pa á, torí kò mọ̀ bóyá wọ́n á tan án lọ́la. Ẹ wò ó: ooru, ebi àti àjẹkì, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Kì í ṣe àìmọ̀ọ́tọ́jú ló pa bátìrì yẹn, àìsí iná ni.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní "I better pass my neighbour" pàápàá kò lè gbé e. Ṣájà tó ń fún bátìrì ní áńpù 10 lórí fólítì 84 ti ju wáàtì 800 lọ, bẹ́ẹ̀ jẹnẹrétọ̀ yẹn kì í gbé ju bíi 650 lọ. Ẹni tó bá sì ra èyí tó tóbi, bẹntiróòlù tó ń sá fún náà ló tún padà lọ rà.

Ọ̀nà àbáyọ kan wà tí kò jìnnà sí wa. Ní abúlé Gbamu-Gbamu, ní Ìjẹ̀bú East, Ìpínlẹ̀ Ògùn, láàárín àwọn àgbẹ̀ kòkó, ilé-iṣẹ́ Rubitec ti ń pèsè iná sólà fún aráàlú láti ọdún 2018. Sólà irú èyí lè ṣáájì ọ̀kadà dáadáa. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ìgbà tí oòrùn ń ràn ni ọlọ́kadà wà lójú ọ̀nà, nítorí náà ó di dandan kí bátìrì wà níbùdó nígbà tí ọ̀kadà wà níta.

Ohun tí Spiro ń ṣe ní orílẹ̀-èdè Benin àti Togo nìyẹn. Ọlọ́kadà Kútọnu kì í jókòó ti ṣájà: tí bátìrì bá ti fẹ́ gbẹ, á yà sí ibùdó, á gbé e sílẹ̀, á gba èyí tó kún, á sanwó, ó di ojú ọ̀nà. Ilé-iṣẹ́ ló ni bátìrì. Bó bá darúgbó, àwọn ló darúgbó mọ́ lọ́wọ́. Ó ní àléébù tirẹ̀, torí iye tí wọ́n bá ní kí ẹ san náà lẹ máa san, tí ibùdó ò bá sì sí lójú ọ̀nà yín, ẹ ti há. Síbẹ̀, níbi tí iná kò ti ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, mo gbà pé ẹni tó lágbára ju ọlọ́kadà lọ ló yẹ kó gbé ẹrù bátìrì. Láti ọdún 2024 ni àjọ NERC ti gbé àṣẹ lórí ọjà iná inú Ìpínlẹ̀ Ondo lé ìjọba ìpínlẹ̀ lọ́wọ́, nítorí náà Àkúrẹ́ ni kí ẹgbẹ́ ọlọ́kadà kọ ojú ìbéèrè sí báyìí, kì í ṣe Àbújá nìkan.

Ẹni tó bá ti pinnu pé òun máa ra tòun, kó jẹ́ kí wọ́n kọ oríṣi bátìrì náà sínú rìsíìtì, NMC ni tàbí LFP. "Lítíọ́mù ni" kò tó. Kí ìdánilójú tí wọ́n bá fún un ní iye ìyípo tàbí kìlómítà nínú, pẹ̀lú iye tí bátìrì gbọ́dọ̀ ṣì lè gbà nígbà náà. Bó bá sì di ọjọ́ tí bátìrì lítíọ́mù kò lè gbé èrò dé ibi tó ń lọ mọ́, kó má tà á ní pọ̀ọ́ntọ̀ fún oní kọ̀ndẹ́ẹ̀mù. Bátìrì tó ṣì ń gba 70 nínú 100, tí kò wú, tí kò sì jó, tí ẹni tó mọ iṣẹ́ bá so ó mọ́ sólà, á ṣì tan gílóòbù mẹ́rin, á yí fáànù kan, á sì ṣáájì fóònù gbogbo ilé di ààjìn.