Omi Ló Dànù, Agbè Kò Fọ́

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kò dùn-ún gbọ́ létí, ṣùgbọ́n bí a bá ń fi í pamọ́, àwọn ọmọ wa ni yóò máa jìyà rẹ̀.

Ẹ wo àwọn abúlé wa, láti Mónìyà dé Àkáǹrán, láti Ìyànà-Ọ̀fà dé Ẹgbẹ́dá. Bí ọmọbìnrin bá lóyún nílé ìwé, kí ni à ń ṣe? A ó bọ́ yúnífọ́ọ̀mù lára rẹ̀. Bí ọkùnrin bá gbà pé òun lòún ni í, a ó kó ọmọ náà lọ sílé rẹ̀. Bí kò bá gbà, ọmọ yóò jókòó tì ẹ̀gẹ́ bíbó àti gàrí yíyan. Ọkùnrin náà ńkọ́? Bó bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, yóò lọ sílé ìwé ní ọjọ́ Ajé. Bó bá jẹ́ ọlọ́kadà, yóò gun ọ̀kadà rẹ̀ kọjá lójú wa. Ṣé ẹnì kan ṣoṣo ló ṣe é ni?

Ọwọ́ tèmi náà kò mọ́. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọ ìjọ kan tó wà ní JSS 3 lóyún. A ní kó lọ máa jókòó sẹ́yìn. Bàbá rẹ̀ bi mí pé, "Pásítọ̀, ṣé kí n tún náwó lé e lórí?" Ohun tí àwọn èèyàn yóò sọ ń bà mí lẹ́rù, mo bá dákẹ́. Ọmọ náà kò padà sílé ìwé mọ́ títí dòní.

Ohun tí n kò sọ fún bàbá yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003 sọ pé ọmọbìnrin tó bá lóyún kó tó parí ẹ̀kọ́, kí a fún un láàyè láti máa bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ lẹ́yìn tó bá bímọ. Òfin náà kò sì gbà kí a fi ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 fún ọkọ. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣe tirẹ̀ ní 2006. Òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti 2004 náà sọ ọ́ di dandan fún òbí pé kí ọmọ parí JSS 3.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan. Ní 2015, ìjọba Sierra Leone ní kí àwọn ọmọbìnrin tó lóyún má ṣe wọ ilé ìwé pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ọ̀rọ̀ dé kóòtù ECOWAS. Ní oṣù Kejìlá 2019, kóòtù dájọ́ pé ìjọba kò tọ̀nà. Ní oṣù Kẹta 2020, ìjọba yí i padà. Bí odidi orílẹ̀-èdè bá lè yí ọkàn padà, abúlé wa ńkọ́?

Àwọn kan yóò ní bí a bá gbà á padà, àwọn yòókù yóò kọ́ ìwàkíwà. Mo mọ ìbẹ̀rù yẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń pọn ọmọ, tó tún ń ka ìwé, ìyà ojú rẹ̀ tó ẹ̀kọ́ fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Àìkàwé kì í wẹ ẹ̀ṣẹ̀ nù. Òṣì ló ń bí, òṣì náà yóò sì kan ọmọ tó bí. Ẹ rántí obìnrin tí wọ́n wọ́ wá síwájú Jésù. Òun nìkan ni wọ́n mú wá; a kò gbọ́ ibi tí ọkùnrin wọlé sí. Jésù kò jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ lókùúta.

Kí ni ká ṣe? Kí ìyá àgbà gba ọmọ ọwọ́ mú. Kí ìdílé ọkùnrin mú owó wá. Ìjọba Ọ̀yọ́ ti fagi lé ₦3,000 tí à ń san nílé ìwé girama láti 2019, ṣùgbọ́n ìwé, yúnífọ́ọ̀mù àti owó mọ́tò ṣì wà lọ́rùn òbí. Ìjọ lè dá sí i. Kí pásítọ̀ tàbí àgbà ìjọ tẹ̀lé òbí lọ bá ọ̀gá ilé ìwé.

Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wà nílé yín báyìí, ẹ má ṣe dákẹ́ bí mo ṣe dákẹ́. Omi ló dànù, agbè kò fọ́. Ẹ jẹ́ kó padà sílé ìwé.