Kí Ẹ Tó Ra Fáàfù, Ẹ Yan Tiransifọ́mà

Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ẹ̀ka wa bá ti sọ pé òun fẹ́ fọwọ́ ara òun kọ́ amplifáyà onífáàfù fún gìtá, fáàfù ló máa ń kọ́kọ́ wá kiri. Lẹ́yìn náà ló kan sípíkà, àpótí àti àwọn bọ́tìnì tó ń dán. Owó tó bá ṣẹ́kù ni yóò fi ra tiransifọ́mà iná. Lójú tèmi, ẹ̀yìn ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Tiransifọ́mà ló yẹ kó ṣíwájú nínú ìwé ìnáwó wa, ibẹ̀ náà ló sì yẹ kó kẹ́yìn nínú ibi tí a ó ti dín owó kù. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ẹ̀mí ni mo fi ṣe ìdí àkọ́kọ́. Ọwọ́ ẹni tó ń ta gìtá wà lára okùn irin, okùn irin náà sì so mọ́ àpótí irin amplifáyà. Iná 230 fóltì ló wà lára ògiri. Tiransifọ́mà ló dúró láàárín àwọn méjèèjì: wáyà ìwọlé rẹ̀ àti wáyà ìjáde rẹ̀ kò fara kanra, agbára òòfà inú irin ló ń gbé iná kọjá. Láyé àtijọ́ ní Amẹ́ríkà, àwọn kan ṣe amplifáyà gìtá olówó pọ́ọ́kú tí kò ní tiransifọ́mà iná rárá. Wọ́n to àwọn wáyà tó ń gbóná nínú fáàfù tẹ̀léra títí àròpọ̀ wọn fi tó nǹkan bí 120 fóltì, wọ́n sì so gbogbo rẹ̀ mọ́ iná ilé tààrà. Títí dòní, àwọn tó ń tún amplifáyà ṣe ṣì ń bẹ̀rù irú wọn.

Ewu yìí kò jìnnà sí wa. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn step-down tí a fi ń lo ẹrù tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà ló jẹ́ pé wáyà kan náà ni ìwọlé àti ìjáde wọn jọ ń lò. Wọ́n ń dín fóltì kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kò ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀ kúrò lára iná. Ó rọrùn láti mọ̀ wọ́n. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná, kí ẹ fi mítà ohms wọ̀n láti ìwọlé sí ìjáde. Bí mítà bá ka iye kékeré, ẹ má ṣe jẹ́ kó di tiransifọ́mà amplifáyà yín.

Ìdí kejì ni pé ilẹ̀ òkèèrè ni ọ̀pọ̀ àwòrán sákíìtì tí à ń wò ti wá. Ẹ mú Fender Champ 5F1 ti àwọn ọdún 1950: fáàfù 12AX7 kan, 6V6GT kan, àti 5Y3GT tó ń sọ iná di DC. Ó rọrùn, ó sì dára fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n iná 60 hertz ni wọ́n ń lò níbẹ̀, 50 hertz sì ni tiwa. Ẹlòmíràn á ní òun yóò ra tiransifọ́mà Amẹ́ríkà, òun yóò sì fi step-down sí iwájú rẹ̀. Step-down yóò sọ 230 di 120, ṣùgbọ́n 50 hertz ni yóò ṣì jáde. Lórí 50 hertz, agbára òòfà inú irin náà yóò fi ìdá kan nínú márùn-ún ju èyí tí wọ́n ṣe é fún lọ. Bí irin náà kò bá ní àlékún àyè, yóò kún àkúnjù, yóò máa fa iná ju bó ṣe yẹ lọ, yóò máa kùn, yóò sì gbóná títí ìbòrí wáyà yóò fi jó. Èyí tí wọ́n kọ 50/60 Hz sí lára ni kí ẹ rà.

Lẹ́yìn èyí ni ìṣirò. Ní 6.3 fóltì, 12AX7 ń fa áńpíà 0.3, 6V6 ń fa 0.45, àròpọ̀ wọn jẹ́ 0.75. Èyí tó lè gbé áńpíà 1.5 yóò ṣiṣẹ́ láìlàágùn. Bí ẹ bá lo dáyóòdù dípò 5Y3, ẹ kò nílò wáyà 5 fóltì. Ní ti fóltì gíga, 250 fóltì AC tó bá gba dáyóòdù kọjá sínú kapásítọ̀ lè di nǹkan bí 350 fóltì DC. Bí fáàfù bá sì ń fẹ́ miliáńpíà 50 DC, ẹ wá wáyà tó lè gbé 100, nítorí pé kapásítọ̀ kì í fa iná díẹ̀díẹ̀. Ó máa ń já a gbà lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ tún rántí irú iná tí a ní. Bí 230 bá gòkè di 260, 6.3 yóò di 7.1. Ohun tí fáàfù sì lè gbà kò ju 6.9 lọ. Nítorí náà, èyí tó ní ojú ìwọlé 220, 230 àti 240 ló dára jù. Ẹ wọn iná àdúgbò yín láàárọ̀ àti lálẹ́ kí ẹ tó yan ojú tí ẹ ó lò.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò sọ pé owó dà. Òótọ́ ni, èyí tó ń ti òkè òkun bọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀nà wà. Ẹ ra tiransifọ́mà lásán méjì tó ń sọ 230 di 6, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó 50 VA. Ẹ so ìjáde èkíní mọ́ ìjáde èkejì. Ibi 6 fóltì náà ni wáyà tó ń gbóná nínú fáàfù yóò ti gba iná, apá 230 ti èkejì yóò sì fún yín ní nǹkan bí 200 fóltì AC lẹ́yìn tí ìpàdánù bá ti wọlé. Èyí tó fún 6V6 kan láti gbé wátì mẹ́rin jáde, ìyàsọ́tọ̀ tó dájú sì wà níbẹ̀. Mo fara mọ́ ọn ju èyí tí ẹnìkan yí wáyà rẹ̀ fún yín láìjẹ́ pé ó dán ìbòrí wáyà náà wò.

Ohun tí mo ń bẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ wa kò pọ̀. Kí ìṣirò tiransifọ́mà wà ní ojú ewé àkọ́kọ́ iṣẹ́ àṣekágbá oníná gíga, kí wọ́n má sì gbà kí ẹnikẹ́ni ki amplifáyà rẹ̀ bọ iná láìsí fíúsì ní ìwọlé, wáyà ilẹ̀ lára àpótí irin, àti resistor tí yóò fa iná kúrò nínú kapásítọ̀ bí a bá ti pa á. Fáàfù tó bá jó, a lè ra òmíràn. Ọwọ́ tó ń ta gìtá kò ní ìpààrọ̀ lọ́jà.