Ẹ Má Ta Ìkòkò Irin Ìyá Yín

Bí ọjọ́ àjọ̀dún bá pé ní Manigri tàbí ní Bassila, adé ọba ni gbogbo ojú ń wò. Adé, ìlẹ̀kẹ̀ àti ìrùkẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní àjogúnbá. Ìkòkò tí wọ́n fi se oúnjẹ ọjọ́ náà kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ọmọ tó sì gbé ìkòkò irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ìyá rẹ̀ fún ẹni tó ń ra irin àlòkù, ogún ló tà, bí kò tilẹ̀ mọ̀.

Àwọn kan yóò wí pé ohun òyìnbó ni. Lóòótọ́, ní 1707 ni Abraham Darby gba ìwé àṣẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti máa fi iyanrìn ṣe àpẹẹrẹ tí wọ́n ń da irin yíyọ́ sí kí ó di ìkòkò, àwọn oníṣòwò ni wọ́n sì gbé irú rẹ̀ dé etíkun wa. Irin tí àwọn ará Bassar ní Tógò máa ń yọ láti inú òkúta láyé àtijọ́, lílù ni alágbẹ̀dẹ máa ń lù ú. Ṣùgbọ́n òkè òkun ni ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo náà ti wá. Ta ni yóò dìde wí pé gàrí kì í ṣe oúnjẹ ilé?

Wọ́n tún ń wí pé ó wúwo, ó sì ń dógùn-ún. Ó wúwo, kò sí àríyànjiyàn. Ìpáàrà kò pa ìkòkò rí, àìmọ̀tọ́jú ni. Ẹ fi iyanrìn àti eérú bó o, ẹ ṣàn án, ẹ gbé e sórí iná kí ó gbẹ. Ẹ fi epo ẹ̀pà pa á tinú tẹ̀yìn, kí ẹ sì nù ún bí ẹni pé ẹ kò fẹ́ kí epo kù sí i lára. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, torí epo àpọ̀jù a máa lẹ̀. Ẹ dá a padà sórí iná títí yóò fi rú èéfín. Lẹ́yìn ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, yóò dúdú, yóò máa dán. Ẹ má da omi tútù sínú rẹ̀ nígbà tó gbóná, kí ó má baà sán. Ọbẹ̀ tòmátì kò gbọdọ̀ sùn nínú rẹ̀.

Kí ni wọ́n fi ń rọ́pò rẹ̀? Ìkòkò alúmíníọ́mù àlòkù. Ní Kamẹrúùnù, ní 2014, àwọn olùwádìí rí òjé nínú irú ìkòkò bẹ́ẹ̀, òjé tí ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ní Etiópíà, ìwádìí tó jáde nínú The Lancet ní 1999 fi hàn pé àìtó ẹ̀jẹ̀ dín kù lára àwọn ọmọ tí wọ́n ń fi ìkòkò irin se oúnjẹ fún, ju ti àwọn tí wọ́n ń fi alúmíníọ́mù se tiwọn lọ.

Ẹgbẹ́ tó ń ka adé sínú ìwé àjogúnbá rẹ̀ gbọ́dọ̀ ka ìkòkò yìí mọ́ ọn, pẹ̀lú orúkọ ìyá tó ni ín, láti Manigri-Ìkanni dé Manigri-Òkè, kí ọkọ̀ irin àlòkù tó kó èyí tó kù lọ.