Ẹ Ka Ohun Tí Wọ́n Kọ Nípa Yín Kí Báńkì Tó Kà Á

Ẹni tí kò jẹ gbèsè rí, ẹni iyì ni nílé wa. Ó ń dá èsúsú, owó ọwọ́ ló fi ń ra ọkọ̀, kò sí olówó tó ń kanlẹ̀kùn rẹ̀ ní ìdájí. Ní Amẹ́ríkà, irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè dé báńkì láti yá owó ilé kí wọ́n máa wò ó bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù. Èsúsú tó ń san láìyẹ̀ oṣù kan, kò sí akọ̀wé tó kọ ọ́ sílẹ̀ fún un.

Ẹni tí àkọsílẹ̀ gbèsè tirẹ̀ (credit report) sì wà, kì í ṣe òun ló kọ ọ́. Ilé-iṣẹ́ mẹ́ta, Equifax, Experian àti TransUnion, ló ń gba ìròyìn wa lọ́wọ́ àwọn báńkì, àwọn oníkáàdì àwìn àti àwọn agbowó gbèsè: ọjọ́ tí ẹ yáwó, iye tó kù, oṣù tí ẹ pẹ́ kí ẹ tó san. Ayánilówó ń kà á, onílé tí ẹ fẹ́ gba yàrá lọ́wọ́ rẹ̀ lè kà á, agbanisíṣẹ́ náà lè kà á bí ẹ bá fọwọ́ sí i. Ẹni tí wọ́n kọ ọ́ lé lórí gan-an ni kì í kà á. Òfin ọdún 2003 fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Nígbà àrùn Kòrónà wọ́n sọ ọ́ di ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nígbà tó sì di 2023 wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí lọ.

Ibì kan ṣoṣo ni òfin yà sọ́tọ̀ fún un: AnnualCreditReport.com. Ẹ fọwọ́ ara yín tẹ̀ ẹ́ létà-létà, ẹ má tọ líǹkì tí ẹnikẹ́ni fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lọ. Wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ "ọ̀fẹ́" dẹ ènìyàn rí. Lọ́dún 2005, àjọ ìjọba Federal Trade Commission gbé ilé-iṣẹ́ kan tó jẹ́ ti Experian lọ sílé ẹjọ́ nítorí ìwé ọ̀fẹ́ tó ń polówó: ẹni tó bá gbà á tí kò sì fagi lé ètò kan tí wọ́n so mọ́ ọn láàárín 30 ọjọ́, wọ́n á yọ $79.95 lọ́wọ́ rẹ̀. Ojúlé tòótọ́ yóò béèrè nọ́ńbà Social Security, ọjọ́ ìbí àti àdírẹ́sì yín, yóò sì bi yín léèrè nípa gbèsè àtijọ́ kó lè dá yín mọ̀. Ẹ kò nílò káàdì owó kankan láti rí ìwé náà gbà. Àwọn kan ń sá fún un nítorí wọ́n gbọ́ pé yíyẹ̀ ẹ́ wò ń dín máàkì tí ayánilówó fi ń díwọ̀n ènìyàn (credit score) kù. Irọ́ ni. Ti ara ẹni kì í dín in kù.

Bí ẹ bá ń kà á, ẹ fara balẹ̀ síbi orúkọ, pàápàá àwa tí ìbejì pọ̀ láàárín wa. Orúkọ, ọjọ́ ìbí, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà Social Security ni kọ̀ǹpútà fi ń mọ gbèsè ta ni ta ni. Táíwò àti Kẹ́hìndé jọ ní orúkọ bàbá kan náà, ọjọ́ ìbí kan náà, àdírẹ́sì kan náà, nọ́ńbà wọn sì lè fara jọra bó bá jẹ́ pé ọjọ́ kan náà ni wọ́n gbà á ṣáájú ọdún 2011. Gbèsè Kẹ́hìndé lè tibẹ̀ wọ ìwé Táíwò. Bàbá àti ọmọ tó ń jẹ́ orúkọ kan náà wà nínú ewu yìí pẹ̀lú. Ìwádìí tí Federal Trade Commission gbé jáde ní 2013 fi hàn pé ẹnì kan nínú márùn-ún ló rí àṣìṣe tí wọ́n bá a tún ṣe nínú ọ̀kan, ó kéré tán, lára ìwé rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ti onígbọ̀wọ́ yàtọ̀. Bí ẹ bá ṣe onígbọ̀wọ́ ọkọ̀ fún àbúrò ìyàwó yín, gbèsè yín ni lójú ayánilówó. Bí ó bá jáfara láti san án, àbùkù náà lè wà lórúkọ yín fún ọdún 7, kò sì sí àṣìṣe níbẹ̀ tí ẹ fẹ́ tún ṣe. Ẹ má sanwó fún ẹni tó ní òun lè fọ irú rẹ̀ nù.

Àṣìṣe gidi ni kí ẹ bá jà. Ẹ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tó gbé e jáde àti sí ayánilówó tó ròyìn rẹ̀, ẹ fi ẹ̀dà ẹ̀rí sínú rẹ̀, ẹ tọ́jú ojúlówó sílé. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n sábà ní láti wádìí rẹ̀. Bí ẹ bá bá gbèsè tí ẹ kò mọ̀ rí níbẹ̀, ẹ ní kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi freeze sí ìwé yín, kí olè má baà tún rí owó yá lórúkọ yín. Láti 2018 ni ìyẹn náà ti di ọ̀fẹ́ káàkiri Amẹ́ríkà, ọdún kan lẹ́yìn tí olè jí ìròyìn bíi mílíọ̀nù 147 ènìyàn kó lọ́dọ̀ Equifax.

Màmá àti bàbá tí kò lè bá kọ̀ǹpútà fà á, ẹ bá wọn pe 1-877-322-8228. Wọn yóò fi ìwé náà ránṣẹ́ sí wọn nílé láàárín 15 ọjọ́ tí wọ́n bá gba ìbéèrè wọn. Ẹ kìlọ̀ fún wọn ṣáájú, kí wọ́n má dà á pọ̀ mọ́ ìwé ìpolówó tí wọ́n ń kó dà nù.