Oko Tí Ìyá Àgbà Ro, Ta Ni Ó Ni Ín?

Ìbéèrè kan ni mo mú wá. Nínú gbogbo ìwé ètò ìsìnkú tí ẹ ti gbà níbi òkú ìyá àgbà, èwo ni ó sọ ibi tí oko wọn wà? A máa ń kà níbẹ̀ pé wọ́n gba Jésù, pé wọ́n jẹ́ ìyá ìjọ, pé wọ́n fi ọmọ, ọmọ-ọmọ àti àrọ́mọdọ́mọ sáyé lọ. Fọ́tò wọn a hàn nínú aṣọ òkè tí àwọn ọmọ rà nígbà tí ojú ìyá ti di bàìbàì. Gbogbo rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi tọ́ àwọn ọmọ náà kì í sí nínú ìwé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìyá bàbá mi ní Ìyàrá, kí ẹ fi ti yín wé e. Wọ́n máa ń jí ṣáájú àkùkọ, kì í ṣe nítorí oko, nítorí àdúrà ni. Wọn a dárúkọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan, àtẹni tó wà nílé àtẹni tó wà ní Kàdúná, débi pé nínú oorun ni a ti ń gbọ́ orúkọ ara wa. Lẹ́yìn àdúrà, ó di ọ̀nà oko. Ẹ̀gúsí, ilá, ẹ̀wà, ẹ̀gẹ́, àti kaṣú lẹ́bàá ààlà. Adìyẹ ń bẹ lẹ́yìn ilé, ewúrẹ́ méjì mẹ́ta, àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ níbi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn sí. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé tí iṣẹ́ oko dínkù, wọn a jókòó ti òfì, wọn a hun kíjìpá. (Iṣẹ́ òfì àwọn ìyá wa kì í ṣe ohun kékeré. Aṣọ ìpò pupa tí àwọn obìnrin Bùnú máa ń hun láyé àtijọ́ fún òkú àwọn ìjòyè, òyìnbó kan, Elisha Renne, kọ odindi ìwé tó dá lé aṣọ Bùnú ní 1995.) Nígbà tí owó ilé-ìwé mi bá tó san, àpò ẹ̀gúsí ni ó ń lọ sọ́jà. Báyìí ni a ṣe ń ṣe é títí mo fi gba ìwé ẹ̀rí ní pólì.

Ẹ rántí Dọ́káàsì nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 9. Àwọn opó tó yí òkú rẹ̀ ká kò sọ̀rọ̀ oyè tàbí ipò. Ẹ̀wù tó rán fún wọn ni wọ́n gbé jáde fi han Pétérù. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ẹ̀rí rẹ̀.

Wàyí o, oko tí mo sọ yìí, ilẹ̀ ẹbí ọkọ ni. Ìyá àgbà ro ó ju ogójì ọdún lọ. Nígbà tí bàbá àgbà kú, ẹbí jókòó, wọ́n pín in, kò sí ẹni tó bi ìyá léèrè ohunkóhun. Ní ọjọ́ ogbó wọn, ilẹ̀ àyáró ni wọ́n ń ro, nígbà tí kaṣú tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbìn ń so fún ẹlòmíràn. N kò mọ agboolé tí irú èyí kò ti ṣẹlẹ̀ rí.

Àṣà ni à ń pè é. Ní 1929, ilé ẹjọ́ kan ní Èkó, nínú ẹjọ́ Sogunro-Davies àti Sogunro, kọ ọ́ sílẹ̀ pé nínú àṣà Yorùbá, ẹ̀jẹ̀ ni ogún ń tọ̀ lẹ́yìn, nítorí náà ìyàwó kò jogún ọkọ. Ọmọ ni ó ń jogún. Níbi tí ọmọ bá ti ń tọ́jú ìyá, ìyẹn kò fi bẹ́ẹ̀ dun ni. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ṣùgbọ́n opó tí kò bímọ ńkọ́? Èyí tí ọmọ rẹ̀ ṣáájú rẹ̀ kú ńkọ́? Èyí tí ọmọ rẹ̀ wà nílùú òyìnbó, tí àbúrò ọkọ sì wà nílé ńkọ́?

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2014, ẹjọ́ irú opó bẹ́ẹ̀ láti Awka dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Àbújá, ẹjọ́ Anekwe àti Nweke. Obìnrin náà kò bí ọmọkùnrin, wọ́n sì fẹ́ lé e kúrò nínú ilé ọkọ rẹ̀. Àwọn adájọ́ bu ẹnu àtẹ́ lu àṣà náà, wọ́n dá opó láre.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ìwé Rúùtù, ẹ tún orí 4 kà. Kí Náómì tó gbé ọmọ-ọmọ sí àyà, Bóásì ti kó àgbà mẹ́wàá jọ lẹ́nu ibodè lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó wà lọ́wọ́ opó arúgbó náà. Ní gbangba ni wọ́n parí rẹ̀, níṣojú ẹlẹ́rìí. Ìwàásù wa lórí Rúùtù kì í sábà dé ibẹ̀. Ìgbéyàwó ni a máa ń dúró lé.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọkọ, ilẹ̀ tí ẹ fi owó ara yín rà, ẹ lè fi ìwé ìhágún fún ìyàwó yín. Ilẹ̀ ẹbí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹbí ni yóò fọwọ́ sí i, nítorí náà ẹ pè wọ́n jọ nígbà tí ẹ ṣì ní ohùn. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 fún ìjọba ìbílẹ̀ lágbára láti fún ènìyàn ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ oko tí kò sí nínú ìgboro, ìjọba ìbílẹ̀ Ìjùmú sì rèé, Ìyàrá níbí ni olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí, mo mọ bí ìwé ṣe ń pẹ́ lórí tábìlì. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan ti bi mí pé, "Pásítọ̀, bí opó bá tún lọ fẹ́ ọkọ mìíràn ńkọ́?" Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé kí ó máa ro oko náà níwọ̀n ìgbà tó bá wà nínú ilé. Ìyá ẹni àádọ́rin ọdún tí mo mọ̀, ọkọ kọ́ ni wọ́n ń wá, ibi tí wọn yóò gbin ilá sí ni.

Ẹ̀yin ọmọ-ọmọ tí ìyá àgbà yín ṣì wà láàyè, ẹ lọ kí wọn ní Sátidé tó ń bọ̀, kí ẹ mú ìwé àti bírò dání. Bí ẹsẹ̀ wọn bá gbé e, kí wọ́n mú yín dé oko. Bí kò bá gbé e, kí wọ́n júwe. Ẹ kọ orúkọ igi tí wọ́n gbìn, ọdún tí wọ́n gbìn ín, àti ẹni tó bá wọn pààlà. Kí ẹ tó padà, ẹ ka ohun tí ẹ kọ sí etígbọ̀ọ́ àwọn àgbà ẹbí, níṣojú ìyá.